Bí ẹ ṣe lè mú Látínò tó ṣí wá sí Amẹ́ríkà dé ibi àyẹ̀wò àrùn ìbálòpọ̀

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, tó ń ṣiṣẹ́ láàbù tàbí tó ń tọ́jú arúgbó ní Houston, ní Bronx àti ní Maryland, àwọn Látínò, àwọn tí ìran wọn ti Latin America wá, ni wọ́n jọ ń ṣe ṣíìfù, àwọn Látínò náà ló sì ń jókòó níwájú wọn ní kílíníìkì. Àwọn la kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, àti ẹnikẹ́ni tí aládùúgbò rẹ̀ tó wá láti Guatemala, Honduras, Mẹ́síkò tàbí Venezuela bá fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó bi í pé ibo lòun ti lè yẹ ara òun wò.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Ìṣirò CDC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dènà àrùn, fún 2022 ni pé nǹkan bí ènìyàn 31,800 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kòkòrò HIV ní Amẹ́ríkà. Nínú ẹni mẹ́ta, ọ̀kan jẹ́ Látínò, bẹ́ẹ̀ àpapọ̀ wọn kò pé ìdá kan nínú márùn-ún àwọn olùgbé orílẹ̀-èdè náà.

Àyẹ̀wò gan-an kò le. Ìtọ̀ díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, ó parí. Tábìlì ìforúkọsílẹ̀ ló ń dá ènìyàn padà sílé: ìwé wo lo ní, kí lorúkọ rẹ, èdè wo lò ń sọ, nọ́ńbà wo ni ká pè. Bí ẹ bá ti yanjú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ẹ tó jáde nílé, èyí tó kù kò tó nǹkan.

Ẹ kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè pépà

Kì í ṣe àìsàn ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín. "Ṣé wọn ò ní fà mí lé ìmígíréṣọ̀n lọ́wọ́?" ni. Ẹ má kàn ní kó fọkàn balẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹ̀yin kọ́ ni wọ́n máa mú. Ẹ sọ ohun tí òfin sọ fún un.

Òfin ìrànwọ́ ìjọba tí wọ́n ṣe ní 1996 ti ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí kò ní pépà, ṣùgbọ́n òfin yẹn kan náà ló yọ àyẹ̀wò àrùn tó ń ràn, àti ìtọ́jú àwọn àmì rẹ̀, sọ́tọ̀. Òun náà ló sọ pé àwọn ẹgbẹ́ aláàánú tí kì í ṣe ti èrè kò pọn dandan láti wádìí pépà ẹnikẹ́ni. Ní oṣù Keje 2025, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba àpapọ̀, HHS, kéde pé òun yóò ka àwọn ibùdó ìlera agbègbè àti ètò ìfètò-sọ́mọ-bíbí Title X mọ́ ìrànwọ́ tí ẹni tí kò ní pépà kò lè gbà. Àwọn ìpínlẹ̀ kan gbé e lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì dá a dúró ní àwọn ìpínlẹ̀ yẹn. Nítorí náà ẹ má fi ohun tí wọ́n ń ṣe ní New York pinnu ti ìpínlẹ̀ mìíràn. Ẹ pè kí ẹ tó lọ.

Ẹni tó ń lé green card lẹ́rù tirẹ̀ lọ́tọ̀: ó rò pé bí èsì bá burú, pépà òun ti bàjẹ́ nìyẹn. Ti HIV ti kúrò láti ọjọ́ 4 oṣù Kìíní 2010. Láti ọjọ́ náà, HIV kì í dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti wọlé tàbí láti gba green card. Sífílíìsì àti àtọ̀sí ṣì wà nínú àyẹ̀wò ìmígíréṣọ̀n, èyí tí dókítà ń kọ sínú fọ́ọ̀mù I-693, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ní oògùn. Ẹni tó bá gba ìtọ́jú tán, dókítà á fọwọ́ sí i. A jẹ́ pé ẹni tó yẹ ara rẹ̀ wò ṣáájú ló ń tún ọ̀nà ara rẹ̀ ṣe. Ní ti pé wọ́n lè kà á sí ẹni tó fẹ́ di ẹrù sí ìjọba lọ́rùn, òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2022 kò ka àyẹ̀wò àrùn mọ́ ọn. Ní oṣù Kọkànlá 2025 ìjọba dábàá láti yí òfin náà padà. Ẹni tí ìwé rẹ̀ wà lórí tábìlì lọ́wọ́lọ́wọ́, lọ́yà ìmígíréṣọ̀n ni kó bi, kì í ṣe "notario" ìgboro. Ní Mẹ́síkò, lọ́yà gidi ni notario. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ń lu òǹtẹ̀ lásán ni, àwọn gbájú-ẹ̀ sì ti fi orúkọ náà jẹun púpọ̀.

Ẹ má sì parọ́ nípa ICE, àwọn òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n tó ń mú ènìyàn. Ní oṣù Kìíní 2025, ìjọba fa ìlànà tó ń dín ìmúni kù ní ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìjọsìn ya. Ohun tó kù ni pé yàrá ìdúródeni ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó wọ yàrá àyẹ̀wò, ìwé tí adájọ́ fọwọ́ sí ni wọ́n gbọ́dọ̀ mú wá. Ẹ bá a mú àkókò tí kò ní pẹ́ lórí àga: aago àkọ́kọ́ ní òwúrọ̀ ló dára jù. Bí ẹ̀rù bá ṣì ń bà á, ẹ lọ sí apá tó sọ̀rọ̀ nípa àyẹ̀wò inú ilé.

Ẹ yan ibi tí ẹ máa lọ

Ẹ lọ sí gettested.cdc.gov, ẹ tẹ ZIP code (nọ́ńbà àdúgbò) rẹ̀ sí i, ibi tó wà nítòsí á jáde. Kílíníìkì àrùn ìbálòpọ̀ ti ẹ̀ka ìlera ìlú tàbí káńtì ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò, torí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe láàárọ̀ dalẹ́ nìyẹn, kì í sì í yà wọ́n lẹ́nu. Ti New York City ń gba ẹni tó bá ti pé ọdún 12, láìka ipò pépà rẹ̀ sí, yálà lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó díẹ̀.

Lẹ́yìn wọn ni ibùdó ìlera agbègbè tí ìjọba àpapọ̀ ń ràn lọ́wọ́. Owó tí ènìyàn ń gbà ni wọ́n fi ń wọn iye tó máa san: ẹni tí owó rẹ̀ kò kọjá ìlà òṣì ìjọba lè má san ju owó ìforúkọsílẹ̀ kékeré lọ, ẹ̀dínwó a sì máa wà títí dé ìlọ́po méjì ìlà náà. Ibi tó ti ń dí ni ẹ̀rí owó oṣù. Ẹni tó ń dúró ní iwájú ilé ìtajà pákó lówùúrọ̀ kó lè ríṣẹ́ òòjọ́, owó ọwọ́ ni wọ́n ń san fún un, kò ní payslip. Ẹ béèrè bóyá wọ́n máa gba lẹ́tà agbanisíṣẹ́ tàbí ìwé àfọwọ́kọ tí òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí. Ọ̀pọ̀ ń gbà á. Àwọn tó ń ká èso lóko ní ibùdó tiwọn, tó ti wà láti ìgbà òfin 1962, ó sì máa ń sún mọ́ oko.

Ẹgbẹ́ Látínò fúnra wọn dára fún ẹni tí ojú ń tì. La Clínica del Pueblo ní Washington wà láti 1983, èdè Sípáníìṣì ni wọ́n fi ń dáhùn fóònù. Àwọn ọ́fíìsì kọ́ńsúlù Mẹ́síkò ní tábìlì ìlera tí wọ́n ń pè ní Ventanilla de Salud, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2003. Ọ̀pọ̀ ń yẹ HIV wò níbẹ̀, ilé ìjọba ara wọn ni, ọkàn wọn sì máa ń balẹ̀.

Botánica náà wà, ṣọ́ọ̀bù àgbo àti ohun ìrúbọ tí ẹ máa rí Yemayá àti Changó nínú rẹ̀, Yemọja àti Ṣàngó tiwa tó gba Cuba dé ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ Látínò máa ń débẹ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ẹ má bá onítà náà jà. Ẹ fún un ní káàdì kílíníìkì kó máa fún àwọn oníbàárà rẹ̀.

Ibi tí kò yẹ ni yàrá pàjáwìrì: owó rẹ̀ kò ṣeé sọ, wọn kò sì ní yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Àfi bí ìbálòpọ̀ tó léwu náà kò bá tíì pé wákàtí 72, tàbí bí wọ́n bá fipá bá a lò. Ìgbà yẹn, ẹ sáré lọ, ẹ béèrè PEP, oògùn ọjọ́ 28 tó lè dá HIV dúró. Lẹ́yìn wákàtí 72, kò wúlò mọ́.

Ẹ pè kí ẹ tó lọ

Ìbéèrè márùn-ún ni, ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀: Ìwé ìdánimọ̀ wo lẹ ń gbà, ṣé páásípọ́ọ̀tù ìlú rẹ̀ tàbí matrícula, káàdì ìdánimọ̀ tí kọ́ńsúlù ń fúnni, tó? Èló ni fún ẹni tí kò ní ìnṣọ́ránsì, láàbù wà nínú rẹ̀ àbí ó yàtọ̀? Ṣé ẹ ń yẹ ọ̀fun àti ihò ìdí wò? Ọjọ́ wo lẹ máa ń ṣí di alẹ́? Ta ló máa túmọ̀?

Ìbéèrè kejì ló ń mú ènìyàn jù. "Lọ́fẹ̀ẹ́ ni" lè túmọ̀ sí pé rírí nọ́ọ̀sì lọ̀fẹ́ẹ́, kí bíìlì láàbù wá dé lẹ́yìn oṣù kan. Kò ní padà wá mọ́ láéláé, á sì sọ fún gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń gbé.

Ẹni tí ìnṣọ́ránsì rẹ̀ wà lórúkọ ọkọ tàbí òbí, ẹ kìlọ̀ fún un: iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì á fi ìwé àlàyé iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ránṣẹ́ sílé. Ìdí nìyí tí kílíníìkì ìlú fi dára fún un, kó má lo ìnṣọ́ránsì rárá.

Èdè: kì í ṣe gbogbo wọn ló ń sọ Sípáníìṣì

Ará òkè Guatemala lè jẹ́ ọmọ Mam tàbí K'iche', ará Oaxaca lè jẹ́ ọmọ Mixteco tàbí Zapoteco, ará etíkun Honduras lè jẹ́ Garífuna, ará Brazil sì ń sọ Potogí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ á máa mi orí, á máa ní "sí, sí" fún gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì bá wí. Ẹ bi í pé èdè wo ni wọ́n ń sọ nílé ìyá rẹ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ fún kílíníìkì lọ́jọ́ tí ẹ bá ń pè, torí ògbufọ̀ Mam orí fóònù kì í yá rí bíi ti Sípáníìṣì.

Ilé ìwòsàn tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ pèsè ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àṣẹ tó sọ Gẹ̀ẹ́sì di èdè ìjọba ní oṣù Kẹta 2025 kò pa òfin yẹn rẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ túmọ̀ fún ìyá rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọkọ túmọ̀ fún ìyàwó. Obìnrin tí wọ́n fipá bá lò lójú ọ̀nà igbó Darién, láàárín Colombia àti Panama, kò ní sọ ọ́ lẹ́nu ọkọ rẹ̀. Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá tiẹ̀ gbọ́ Sípáníìṣì, ẹ bọ́ síta nígbà tí ìbéèrè bá kan ara.

Orúkọ, ọjọ́ ìbí àti fóònù

Èyí ló ń sọ èsì nù jù lọ, kò sì sẹ́ni tó ń kọbi ara sí i. Ọ̀pọ̀ Látínò tó ń sọ Sípáníìṣì ní orúkọ ìdílé méjì: ti bàbá ló ṣáájú, ti ìyá ló tẹ̀ lé e. Bí ó bá jẹ́ María López García, López ni orúkọ bàbá rẹ̀. Akọ̀wé Amẹ́ríkà á mú èyí tó gbẹ̀yìn, á kọ García. Lọ́jọ́ kejì, òmíràn á kọ López. Ó ti di ènìyàn méjì nínú kọ̀ǹpútà, èsì ti bọ́ sọ́dọ̀ ẹni tí kò sí. Ẹ ní kó máa kọ méjèèjì pọ̀ nígbà gbogbo, ní àpótí orúkọ ìdílé, bó ṣe wà nínú páásípọ́ọ̀tù rẹ̀.

Ọjọ́ ìbí náà ńkọ́? Bíi tiwa ní Nàìjíríà, ọjọ́ ni wọ́n ń kọ ṣáájú oṣù. 05/08 tí òun pè ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ, ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún ni kọ̀ǹpútà á kà á sí. Kó kọ orúkọ oṣù náà ní lẹ́tà.

Nọ́ńbà fóònù tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ ṣáájú kí wọ́n tó lò ó máa ń yí padà, nọ́ńbà àjèjì ni wọn kì í sì í gbé. Kí ẹ tó kúrò ní kílíníìkì, ẹ jẹ́ kó tọ́jú nọ́ńbà wọn sínú fóònù rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tí kò ní tú àṣírí, kó ṣí voicemail, kó sì fún wọn ní nọ́ńbà kejì. Ẹ béèrè bóyá èsì lè wá nípa WhatsApp tàbí kó padà wá gbà á lọ́wọ́.

Àyẹ̀wò wo, nígbà wo

Ó kéré tán, kí gbogbo ẹni tó wà láàárín ọdún 13 sí 64 ṣe ti HIV lẹ́ẹ̀kan. Ọkùnrin tó ń bá ọkùnrin lò, lọ́dọọdún tàbí ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Obìnrin tí kò tíì pé 25 tó ń ní ìbálòpọ̀, klàmídíà àti àtọ̀sí lọ́dọọdún. Aláboyún kò gbọ́dọ̀ fi ti sífílíìsì ṣeré rárá: ní ìbẹ̀wò àkọ́kọ́, lẹ́ẹ̀kan sí i ní oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn, àti ní ọjọ́ ìbímọ.

Kòkòrò HIV kì í hàn lọ́jọ́ tó wọlé. Ẹ̀jẹ̀ inú iṣan tí láàbù ń wo antígìn (ẹ̀yà ara kòkòrò náà) àti antíbọ́dì (ohun tí ara ń ṣe láti bá a jà) nínú rẹ̀ lè rí i láàárín ọjọ́ 18 sí 45. Èyí tó ń wá kòkòrò náà gan-an, ọjọ́ 10 sí 33. Ti itọ́ ẹnu, ó lè tó ọjọ́ 90. Ẹni tí ọ̀ràn tirẹ̀ ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lónìí, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tó máa padà wá sílẹ̀ fún un.

Ẹ béèrè bóyá ó ti lo oògùn. Ampisílìn tí wọ́n ta fún un ní tienda, ṣọ́ọ̀bù àdúgbò, tàbí abẹ́rẹ́ tí ẹnìkan gún un nílé, lè bo àmì mọ́lẹ̀ láìpa àrùn náà.

Bí a ṣe ń gbà á

Ìtọ̀: kó má tọ̀ fún wákàtí kan ṣáájú. Ẹni tó ti ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀ rí mọ̀ pé wọ́n máa ń ní kó da ti àkọ́kọ́ nù, kó gba ti àárín. Níbí, òdìkejì ni: ti àkọ́kọ́ gan-an là ń wá, 20 sí 30 mL, bíi ṣíbí ìjẹun méjì. Bí ó bá kún ife náà dé ẹnu, ìtọ̀ ti fọ ohun tí láàbù ń wá, èsì lè ní kò sí nígbà tó wà.

Obìnrin lè fi òwú orí igi gbà á fúnra rẹ̀, ó sì sàn ju ìtọ̀ lọ. Kó tì í wọ ojú ara ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, kó yí i ká kó máa kan ẹ̀gbẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 sí 30, kó fà á jáde láìkan itan, kó tì í bọ inú túùbù, kó dá igi náà ní ojú ìlà. Bí omi inú túùbù bá dà nù, kó gba òmíràn. Kó má fi omi ẹ̀rọ rọ́pò rẹ̀.

Ìtọ̀ kì í rí àrùn inú ọ̀fun àti ihò ìdí. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin ti ń gba èsì dáadáa tí àrùn sì ń bẹ lára wọn. Ọkùnrin tó níyàwó, tó ń fi owó ránṣẹ́ sílé ní San Pedro Sula ní Honduras, kò ní sọ pé òun ń bá ọkùnrin lò, kò sì ní ka ara rẹ̀ sí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ẹ má bi í pé irú ènìyàn wo ni. Ẹ bi í pé ibo lára rẹ̀ ló kan ẹlòmíràn, kí ẹ fún un ní igi olówùú mẹ́ta, kó wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ.

Àyẹ̀wò HIV inú ilé

OraQuick, àyẹ̀wò tí ènìyàn ń fi omi ẹnu ṣe fúnra rẹ̀, tí FDA, àjọ ìjọba tó ń fọwọ́ sí oògùn, fọwọ́ sí fún lílò nílé ní 2012, kò béèrè orúkọ ẹnikẹ́ni. Kó má jẹ, kó má mu, kó má fọ ẹnu fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kó fi ẹnu igi pẹlẹbẹ náà nu èrìgì òkè lẹ́ẹ̀kan, ti ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kì í ṣe ahọ́n, kì í ṣe àjà ẹnu. Lẹ́yìn náà ló tó ń ti igi náà bọ inú omi túùbù. Àwọn kan ń ki í bọ omi kí wọ́n tó fi kan ẹnu: ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Kó wò ó lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, kó má jẹ́ kó kọjá 40. Ìlà C nìkan: kò sí. Ìlà C àti T, bó tilẹ̀ wù kí T ṣá tó: kó lọ ṣe ti láàbù. Bí C kò bá jáde, àyẹ̀wò náà kò ṣiṣẹ́. Èyí kò sọ nǹkan kan nípa sífílíìsì tàbí àtọ̀sí o.

Èsì, oògùn, àti ẹnìkejì

"Wọn ò pè mí" kò túmọ̀ sí pé kò sí nǹkan. Kó pè wọ́n fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Bí èsì bá burú, òfin ní kí láàbù sọ fún ẹ̀ka ìlera. Òṣìṣẹ́ wọn lè pè é kó lè ràn án lọ́wọ́ láti sọ fún ẹni tí wọ́n jọ lò. Ẹ sọ èyí fún un ṣáájú, torí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí á rò pé ICE ló ń pe òun.

Klàmídíà: doxycycline 100 mg, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ méje, ti aláboyún yàtọ̀. Àtọ̀sí: abẹ́rẹ́ ceftriaxone 500 mg, ẹ̀ẹ̀kan. Sífílíìsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: abẹ́rẹ́ benzathine penicillin mílíọ̀nù 2.4 yúnìtì, ẹ̀ẹ̀kan, èyí tó ti pẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Dókítà ló máa kọ ọ́. A kọ ọ́ síbí kí ẹ lè mọ̀ bí ó bá ku abẹ́rẹ́ kan. Kó má bá ẹnikẹ́ni lò fún ọjọ́ méje lẹ́yìn oògùn, kó sì padà wá fún klàmídíà àti àtọ̀sí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Kó má tún ti klàmídíà yẹ̀ wò kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó pé: òkú kòkòrò ṣì lè mú èsì jáde.

Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ó lè gba oògùn klàmídíà tàbí àtọ̀sí fún ẹnìkejì rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni náà wá. Ti sífílíìsì kò rí bẹ́ẹ̀, ẹni náà gbọ́dọ̀ wá gba abẹ́rẹ́. Bí ẹnìkejì bá wà ní Guatemala, ẹ kọ orúkọ àrùn àti ti oògùn náà ní Sípáníìṣì, kó ya fọ́tò rẹ̀, kó fi ránṣẹ́.

Ẹ tún kọ káàdì kan fún òun náà: orúkọ oògùn, ìwọ̀n rẹ̀, ọjọ́ abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan, àti nọ́ńbà RPR rẹ̀, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi hàn bí sífílíìsì ṣe pọ̀ tó, bíi 1:32. Ẹni tó ń ká ọsàn ní Florida lónìí lè máa ká ápù ní Michigan lóṣù mẹ́ta sí i. Àyẹ̀wò sífílíìsì kan wà tó máa ń ní "ó wà" títí láé, bí wọ́n tiẹ̀ ti wò ó sàn. Bí dókítà Michigan kò bá rí nọ́ńbà ìṣáájú láti fi wé tuntun, yóò tún bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ mẹ́ta láti ìbẹ̀rẹ̀.